Ojú Yín Lára Aṣọ Funfun

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú àtijọ́ o. Wọ́n ti wu iṣu tuntun ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn onífíìmù kúkúrú sì tún ti dé, bí wọ́n ṣe ń dé lọ́dọọdún láti kékeré mi. Wọ́n ta aṣọ funfun tí fíìmù ń hàn lára rẹ̀ sí pápá ilé-ìwé. Àwọn èèyàn wá láti Kétu, láti Tógò, láti Nàìjíríà.

Ẹ máa ń ní fíìmù wọn dà bí àlejò tó ní òun ò jókòó. Bí a bá ń lọ sílé, ẹ ó máa sọ ìyókù ìtàn fún mi lójú ọ̀nà, títí ọmọ tó sọnù nínú fíìmù yóò fi délé. Mo máa ń rò pé bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe parí.

Lọ́dún yìí, fíìmù tèmi wà níbẹ̀. Ẹ̀yin ni mo yà. Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ń yan gààrí ní Bessé, nílé ẹ̀gbọ́n yín, tí mo gbé fóònù dání, tí ẹ ní kí n gbé e sílẹ̀ kí n wá mú igbá? Mo ní màá padà wá ya ìyókù. Àìsàn yín ò jẹ́.

Àwọn olùṣètò gba fíìmù náà, àmọ́ ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Bessé, kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní ẹni tó ti sùn, kí a jẹ́ kó sùn. Mi ò lè bínú sí wọn. Àwọn ló wẹ̀ yín, àwọn ló di irun yín gbẹ̀yìn. Mo gun ọ̀kadà zémìjàn lọ bá wọn, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n kàn wò ó lórí fóònù. Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìgbà tí wọ́n gbọ́ ẹ̀rín yín ni wọ́n kọjú sí i. Wọ́n wò ó tán, wọ́n fi etí aṣọ nu ojú fóònù náà bí ẹni ń nu ojú ọmọ.

“Jẹ́ kí wọ́n rí i,” ni wọ́n sọ. “Àmọ́ èmi ni màá jókòó níwájú.”

Wọ́n jókòó níwájú lóòótọ́. Ẹ yan gààrí lára aṣọ funfun yẹn, ẹ lé ewúrẹ́, ẹ bú èéfín, àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ẹ kọjú sẹ́yìn ilé, ẹ pe ẹ̀gbọ́n yín pé kí wọ́n gbé asẹ́ wá. Kí n tó mọ̀, Ìyá Bessé ti dìde.

“Mò ń bọ̀,” ni wọ́n dáhùn.

Ibẹ̀ ni fíìmù náà parí sí. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí di ọwọ́ Ìyá Bessé mú, ó rọra mú wọn jókòó. A ò gba ẹ̀bùn fíìmù tó dára jù o. Ọmọ Tógò kan ló gbà á, tirẹ̀ sì dára ju tèmi lọ. Ìyá mi, ṣé ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n yín? Ṣé ohùn máa ń dé ibi tí ẹ wà?

Láàárọ̀ àná, Ìyá Bessé ránṣẹ́ pè mí. Wọ́n ti wẹ̀, wọ́n ti wọ aṣọ tuntun, wọ́n gbé àga síbi tí ìmọ́lẹ̀ dára. Wọ́n ní kí n ya àwọn náà nígbà tí àwọn ṣì lè sọ̀rọ̀. Mo béèrè ohun tí wọ́n fẹ́ sọ. Wọ́n ní ìtàn yín ni, láti ọjọ́ tí a bí yín.

Oòrùn wọ̀, a ò tíì dé ibi tí ẹ ti bí mi.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó ṣì ń fetí sílẹ̀.