Oko Ọ̀pẹ Bàbá Ti Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi Benedict,

Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó yín àti àwọn ọmọ wà? Gbogbo ilé ní Igbotako ń kí yín. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san díẹ̀.

Adájọ́ ti da ẹjọ́ oko ọ̀pẹ Bàbá nù. Ẹ̀yin lẹ fóònù pé wòlíì yín ríran, kí Màmá má yọjú sí kóòtù títí ààwẹ̀ yóò fi parí. Lọ́yà ọ̀fẹ́ tí ìjọba fún wa ń dá bẹ̀bẹ̀ títí ojú fi tì í. Adájọ́ ní lọ́yà ni ọ̀fẹ́, àkókò kóòtù kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ó tún ní ká san owó tí alátakò wa ná.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lọ́hùn-ún. Màmá ṣì ń gbààwẹ̀, ó ń retí ìṣẹ́gun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ẹnu ara yín sọ fún un.

Èmi àbúrò yín,
Charity