Eré Lọ́ńdọ̀nù Tí A Ń Ṣe ní Rúwéèsì, àti Ọ̀rọ̀ Ràfátù

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi, Ìyá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, àti gbogbo ẹ̀yin tí ẹ máa ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ láti gbọ́ lẹ́tà Mẹ́kà. Mo dọ̀bálẹ̀ fún àgbà, mo kí ọmọdé. Mo mọ̀ pé Bàbá kì í dá lẹ́tà mi kà, nítorí náà gbogbo yín ni mo kọ èyí sí. Mo sì bẹ Bàbá pé kí wọ́n má fo ibì kankan nínú rẹ̀.

Ara mi le. Oòrùn ibí kì í ṣe eré. Òkè olókùúta ló yí wa ká ní Mẹ́kà, ooru a sì máa ti ara òkúta jáde títí di ìrọ̀lẹ́ bí ẹni pé a wà nínú ìkòkò. Òkun wà ní Jẹ́dà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n atẹ́gùn ibẹ̀ a máa lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí a kò fún dáadáa. Láàárọ̀ mo ń kẹ́kọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìrun Àìlà mo ń gbé omi fún ilé mẹ́ta ní àdúgbò wa kí n lè rí oúnjẹ jẹ.

Ohun tí n kò tíì kọ sí yín rí ni pé mo dá wà. Mo lè ti Sátidé dé Ọjọ́bọ̀ kí ẹnikẹ́ni má pe orúkọ mi. Àwọn ọmọ tí àwọn èèyàn wa bí síbí gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n èdè Lárúbáwá ni wọ́n fi ń dá mi lóhùn, èmi náà a sì dákẹ́ kí wọ́n má baà rẹ́rìn-ín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bá ọkọ̀ akẹ́rù lọ sí Jẹ́dà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, sí ilé Àlàájà Ràbí ní àdúgbò Rúwéèsì. Àlàájà yìí ti wá ṣe Hájì tipẹ́, kò padà. Àkàrà ni wọ́n ń dín fún àwọn òṣìṣẹ́ etí òkun. Hámísà ọmọ wọn ń kó ẹrù ní èbúté.

Ẹ̀gbọ́n mi Bùràímọ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ló kọ lẹ́tà kan sí mi tó dá eré sílẹ̀ fún wa níbẹ̀. Ó ní ìyá òyìnbó tó ni ilé tí òun ń gbé ní tẹlifíṣọ̀n, àpótí bíi redio tó ń fi àwòrán àwọn èèyàn hàn bí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀. Èmi kò rí i rí o. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, gbogbo ayálégbé a máa péjọ sí pálọ̀ ìyá náà láti wo eré kan. Ẹnì kan yóò jáde, yóò fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ iṣẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, yóò sì jókòó. Àwọn kan yóò máa bi í ní ìbéèrè, kò sì gbọdọ̀ sọ ju bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá lọ. Bí rárá bá pọ̀ jù kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ rẹ̀, òun ló borí. Olùdarí eré ló ń jókòó tì í, òun ló ń ka rárá, òun ló sì ń rí i pé kò parọ́.

Bùràímọ̀ ní olùdarí àkọ́kọ́ sanra, a sì máa rẹ́rìn-ín kí ẹlòmíràn tó rí ohun ẹ̀rín. Nígbà tí wọ́n fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, ìyá onílé bínú. Ó ní ojú ẹni tuntun gbẹ bí ojú akọ̀wé kóòtù, ó sì búra pé òun kò ní wò ó mọ́. Ní ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, òun ló kọ́kọ́ gba àga. Ẹni kẹta ti dé báyìí. Àwọn èèyàn tún ń kùn, wọ́n sì tún ń wò.

Bẹ́ẹ̀ náà ló rí fún wa. Lẹ́yìn Alaásàrí ọjọ́ Jímọ̀ ni a ń ṣe tiwa, lórí àpótí tíì kan nínú àgbàlá Àlàájà. Àlàájì Gàníyù onígbàjámọ̀ ni olùdarí àkọ́kọ́. Nígbà tí ọkùnrin kan ń fi ọwọ́ ṣe àpẹẹrẹ tí kò tán bọ̀rọ̀, Àlàájì bi í pé, “Ìwọ yìí, ṣé ò ń ṣe iṣẹ́ ni àbí iṣẹ́ ló ń ṣe ọ́?” Ẹ̀rín pa wá. Ṣùgbọ́n Àlàájì kò ní ìkámà, ìwé tí ìjọba fi ń gbà kí àlejò máa gbé ìlú yìí. Àwọn ọlọ́pàá mú wọn lọ́jọ́ kan, wọ́n fi wọ́n sínú ọkọ̀ òkun. A kò rí wọn dágbére fún. Hámísà gba ipò wọn, òun kì í rẹ́rìn-ín rárá. Àlàájà ní eré ti kú. Ní Jímọ̀ kejì, èèyàn kò rí àyè jókòó lórí ẹní.

Mo ti ronú lórí rẹ̀ gan-an. N kò rò pé olùdarí ni a ń tẹ̀ lé. Ní ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́, ó dùn kí èèyàn mélòó kan dójú lé ọ, kí wọ́n máa bi ọ́ léèrè títí wọn yóò fi mọ ohun tí ò ń fi ọwọ́ ara rẹ ṣe.

Ní Jímọ̀ méjì sẹ́yìn, Hámísà rí iṣẹ́ ọkọ̀ tó ń lọ Mẹ̀dínà. Wọ́n ní kí èmi gba ipò olùdarí. Ẹ̀rù bà mí. Hámísà ní ẹni tó bá fẹ́ ṣe olùdarí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jókòó kí a bi òun náà. Mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì bí ìwé tí a ṣí. Gbogbo wọn mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ ni mí, wọ́n kàn fẹ́ fi mí ṣeré ni.

Àlàájà bi mí pé, “Ṣé àwọn èèyàn ń gba ohun tí ò ń ṣe, kí wọ́n lò ó?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ṣé ó ti jinná?”

Mo ń wo àtẹ́lẹwọ́ mi. Hámísà ní, “Nàámù àbí láà, bẹ́ẹ̀ ni àbí rárá? Àwa ò ní sùn síbí.” Àwọn yòókù ń rẹ́rìn-ín. Èmi ń ronú lórí Ràfátù.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ rántí. Mùsá ọkọ Ràfátù lọ sí Kùmásí, ọdún mẹ́rin, kò sí lẹ́tà, kò sí àrokò. Káfíńtà kan ní òun fẹ́ fi í ṣaya. Àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí kò fohùn ṣọ̀kan, wọ́n ní kí a bi Alfa wa tó wà ní Mẹ́kà. Èmi nìyẹn. Mo sì kọ̀wé padà pé, “Kí ó dúró.” Bàbá kọ sí mi pé àwọn kà á sétí gbogbo ènìyàn, Ràfátù náà gbọ́, ó sì ti padà sí ilé àwọn àna rẹ̀.

Bàbá, inú ìwé wo ni mo ti rí i? N kò rí i nínú ìwé kankan. Ojú ló tì mí láti sọ pé n kò mọ̀. Mo parí Kùránì nílé lóòótọ́, ẹ sì pa ẹran, ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n dán mi wò níbí, ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ ọdún mẹ́jọ ni wọ́n mú mi jókòó sí. Ibẹ̀ ni mo ṣì wà. Ọmọ tó jókòó tì mí ló ń tọ́ mi sọ́nà.

Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Àlàájà lẹ́yìn eré. Wọn kò pariwo mọ́ mi. Wọ́n ní ọkọ àwọn padà sí Sùdáànì tí àwọn gbà kọjá wá, láti lọ kó ẹrù wọn wá, àwọn dúró dè é fún ọdún mẹ́fà nítorí pé ẹnì kan tí àwọn bọ̀wọ̀ fún ní kí àwọn dúró. Wọ́n wá wò mí. “Súlè, ṣé o mọ bí ọdún kan ṣe gùn tó?”

Mo lọ bá olùkọ́ wa. Wọ́n ní àwọn kò lè dá ẹjọ́ obìnrin tí àwọn kò rí, tí àwọn kò gbọ́ tẹnu ẹbí rẹ̀. Kí a mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn onímọ̀ tó wà nítòsí yín, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu òun fúnra rẹ̀.

Nítorí náà mo gba ọ̀rọ̀ mi padà níwájú gbogbo yín. Kí ẹnikẹ́ni má dúró, kí ẹnikẹ́ni má sì lọ, nítorí ohun tí mo kọ. Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ránṣẹ́ pe Ràfátù kí ẹ tó ka lẹ́tà yìí, kí ó gbọ́ ọ bí ó ti gbọ́ ti àkọ́kọ́. Ẹ pe káfíńtà náà. Bí ojú bá tì yín nítorí mi, ẹ forí jì mí. N kò tíì fẹ́ padà sílé. Ẹ jẹ́ kí n jókòó sáàárín àwọn ọmọdé fún ọdún kan sí i.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ó má jẹ́ kí a fi àìsàn pàdé ara wa. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo ará àdúgbò. Ẹ bá mi kí Ràfátù.

Èmi ni ọmọ yín tí kò tíì di Alfa,
Sùlẹ́mánù