Iyọ̀ Tí Ẹ Dà Sí Gọ́tà

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ọjà, ẹ sì kú ìkómọ tí ẹ ṣe láìfẹ́ gbọ́ orúkọ tí mo fún ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Lọ́ńdọ̀nù níbí, orúnkún mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nítorí òtútù. Ìyá mi, ẹ kú ewu ọmọ. Ìyá Àgbà, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Bàbá, gbogbo lẹ́tà tí mo kọ sí yín, ẹ ò fèsì kankan. Ìdí nìyí tí mo fi gbé èyí fún oníwèé ìròyìn, torí mo mọ̀ pé Bọ̀dá Rájí télọ̀ ló máa ń kà á sókè fún yín níwájú ṣọ́ọ̀bù aṣọ yín ní Ṣàpọ́n. Bọ̀dá Rájí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìlà kankan o. Mo mọ̀ yín, ẹ máa ń fo ibi tó bá le.

Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n wá bá Àǹtí Múnírá, àbúrò yín, kí n lè kàwé. Mo ń kàwé. Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ fún mi pé òtútù ìlú yìí ń géni jẹ bí ajá. Bí mo bá tutọ́ lójú pópó, ó ti di yìnyín kó tó balẹ̀. Mo kí ìyá tó ń gbé òdìkejì wa láàárọ̀, ńṣe ló di báàgì rẹ̀ mú. Ní Ìjẹmọ̀, kí n tó dé ìdí ẹ̀rọ omi, ogún èèyàn á ti bi mí bóyá mo jí ire, mẹ́wàá á sì ti bú mi. Níbí, kò sẹ́ni tó bú mi rí. Ẹ wo ìyà!

Àǹtí ń fọ ife ní ilé ìtura kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé àwọn òyìnbó kan kì í mu ọtí àdàlù wọn bí kò bá sí iyọ̀ létí ife. Ẹni tó ń po ọtí á fi ọsàn wẹ́wẹ́ pa etí ife, á dojú ife dé orí iyọ̀, iyọ̀ á sì lẹ̀ mọ́ ọn yíká bí ìgbátí ẹ̀wù. Àǹtí tọ́ ọ wò, wọ́n ní iyọ̀ òpè ni, kò ní adùn kankan. Ló bá di iṣẹ́ ilé wa láti máa ṣe èyí tó dùn tà fún wọn. Èmi ni mò ń sá èèpo ọsàn sórí irin tó ń mú yàrá gbóná, títí á fi gbẹ. Èmi ni mò ń gún un pọ̀ mọ́ ata gbígbẹ àti atalẹ̀, tí mò ń jọ̀ ọ́, tí mò ń pò ó mọ́ iyọ̀ oníwóró. Bí èèpo ò bá gbẹ dáadáa, gbogbo rẹ̀ á dì bí òkúta Olúmọ. Mo ti sín títí, ajá àdúgbò ti mọ ọjọ́ tí mò ń gún ata. Ohun tó ń wọlé níbẹ̀ la fi ń sanwó iná, òun náà la fi ra kóòtù mi.

Nígbà tí mo gbọ́ pé Ìyá mi bí ọkùnrin, mi ò lówó ọkọ̀ òfúrufú. Mo mọ̀ pé ẹ máa fi iyọ̀ kan ọmọ lẹ́nu kí ayé rẹ̀ lè dùn, mo sì gbọ́ pé iyọ̀ wọ́n bí ojú nílé. Ni mo bá gún tiwa lọ́tọ̀, láìsí ata, èèpo ọsàn àti iyọ̀ nìkan. Mo dì í sínú agolo bisikíìtì, mo sì fi orúkọ tí mo fún ọmọ ránṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀: Ọláìtán. Bọ̀dá Gàníyù, àbúrò Ìyá mi tí àwọn náà ń gbé Lọ́ńdọ̀nù níbí, ló bá mi gbé e wálé. Ẹnu Bọ̀dá yìí gùn ju ọ̀nà Abẹ́òkúta sí Èkó lọ. Àwọn fúnra wọn ló padà wá ròyìn fún mi pé àwọn dìde láàárín èrò, àwọn fẹ́ yìn mí, àwọn wá ní irú iyọ̀ yìí gan-an ni àwọn olówó òyìnbó fi ń mutí, ọmọ yín ló ń ṣe é. Àwọn ààfáà wo ara wọn lójú. Ẹ gba agolo, ẹ da iyọ̀ mi sí gọ́tà lójú gbogbo ayé, ẹ ní kí orúkọ tó bá a wá náà bá a lọ.

Bàbá, ó dùn mí wọ egungun. Mi ò ní purọ́, odó kan náà ni mo fi gún un. Ṣùgbọ́n ọtí ò kàn án rí. Aṣọ tí wọ́n fi bo tábìlì ilé ọtí Òkè-Ìléwó ńkọ́, ta ló tà á fún wọn? Ṣé kì í ṣe owó aṣọ yẹn lẹ fi ra àgbò ìkómọ? Ṣé ẹ da àgbò náà sí gọ́tà? Bọ̀dá Gàníyù ní ẹ̀yin lẹ jẹ àyà àgbò ọ̀hún.

Mo ti fẹ́ dákẹ́, àfi ìgbà tí Ìyá Àgbà ní kí wọ́n bá àwọn kọ̀wé sí mi. Wọ́n ní kí n má sọ fún yín. Wọ́n mọ̀ mí, wọ́n mọ̀ pé n óò sọ. Wọ́n ní kí Bọ̀dá Gàníyù tó lanu, àwọn ti ki ìka bọ agolo nínú yàrá, àwọn ti fi iyọ̀ náà kan ọmọ lẹ́nu. Ó lá a, ó tún lanu pé òun ń fẹ́ sí i. Wọ́n ní bó bá ku àwọn méjèèjì nìkan, Ọláìtán làwọn ń pè é, orúkọ yẹn ló sì ń yíjú sí.

Nítorí náà, Bàbá, iyọ̀ mi ti wà nínú ọmọ yín. Gọ́tà ò rí gbogbo rẹ̀ gbà. Bí ẹ bá fẹ́ da ìyókù nù, ẹ gbé àbúrò mi tọwọ́tẹsẹ̀, kí ẹ gbé e dé etí gọ́tà. Bí ẹ ò bá sì lè gbé e débẹ̀, ẹ pe orúkọ tí mo fún un, ẹ̀ẹ̀kan péré, níwájú ṣọ́ọ̀bù, kí Bọ̀dá Rájí ṣe ẹlẹ́rìí.

Kí Ọlọ́hun fún yín ní ẹ̀mí gígùn, kó má jẹ́ kí ọjà yín kùtà. Ẹ bá mi kí Ìyá mi, kí ẹ kí Ìyá Àgbà tí wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Ẹ kí gbogbo Ìjẹmọ̀, títí kan àwọn tó ń bú mi. Ẹ ní kí wọ́n bá mi tọ́jú èébú mi dè mí.

Èmi ni ọmọ yín tí ẹ ò rí dà nù tán,
Sìdíkátù.