Ta Ló Gbé Ọ̀rọ̀ Ràhámátù Dé Ọ́fíìsì?

Ọjọ́rú, 15 Jánúárì 2025

Wọ́n lé Ràhámátù wálé láti ilé ìwé. Ọ̀sán gangan ni mo rí i tó ń bọ̀ láàárín èrò ọjà Ìtòkú, báàgì lẹ́yìn, kò sunkún. Àìsunkún yẹn ló bà mí lẹ́rù.

Olóyin ló ń kọ́ wọn ní Sífíìkì. Olúṣẹ̀yẹ lorúkọ rẹ̀, èmi ni mò ń pè é ní Olóyin, ẹnu rẹ̀ dùn jù. Lọ́jọ́ Ajé, ó ń ka ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú fún wọn. Wọ́n dé orí ẹ̀tọ́ láti sọ̀rọ̀, ọmọ mi nawọ́. Ó ní bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin fi ń wà ní títì, tó jẹ́ pé ọwọ́ tíṣà ọkùnrin ni wọ́n ti ń lọ tọrọ kọ́kọ́rọ́? Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín.

Lónìí ni Váìsì, obìnrin tó jẹ́ igbákejì ọ̀gá wọn, ní ó parọ́ mọ́ ilé ìwé, ó sì rí àgbà fín. Kó máa lọ sílé. Bí ọ̀rọ̀ náà ò bá yanjú, wọn ò ní fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún WAEC.

WAEC ọmọ mi!

Inú kíláàsì ló ti sọ̀rọ̀. Váìsì ò sí níbẹ̀. Ta ló gbé e lọ?

Ọjọ́bọ̀, 16 Jánúárì

Priscilla ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá ní ṣọ́ọ̀bù aṣọ mi. Pọfpọf ni mo fi bi í. Ó jẹ ẹ́ tán, ó ní òun ò mọ nǹkan kan. Ó nu epo ọwọ́, ó tún ní òun ò mọ nǹkan kan. Ẹni tí kò mọ̀ kì í wí i lẹ́ẹ̀mejì.

Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì wọn náà. "Ìyá, géètì ni wọ́n ní kí n ṣọ́, wọn ò ní kí n ṣọ́ ẹnu." Ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ló ń rín?

Àbámẹ́ta, 18 Jánúárì

Olóyin wá. Ó ra kámpálà kan, kò dúnàádúrà — tíṣà tí kò dúnàádúrà! "Ẹ kú ọjà o, mà. Ọmọ yín gbọ́n. Ẹ kàn wá bẹ Váìsì ni, ọ̀rọ̀ á tán." Mo bi í lójú ẹsẹ̀ pé ṣé òun ló gbé e lọ. "Háà, Ìyá!"

"Háà" kì í ṣe "rárá".

Ẹni tó da omi sílẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ ké pé ilẹ̀ ń yọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 20 Jánúárì

A lọ bẹ̀bẹ̀. Bàbá Ràhámátù wà lóko ní Wásinmi, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Ẹ̀gbọ́n Sàlàhúdíìnì, ló ṣíwájú wa. Lójú ọ̀nà mo ní ká kọ́kọ́ béèrè ohun tọ́mọ ṣe gan-an. Ẹ̀gbọ́n já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu mi: "Ṣé ẹjọ́ la fẹ́ bá ọ̀gá rò ni? Ẹ̀bẹ̀ là á kọ́kọ́ bẹ̀. Tínú bá rọ̀ tán, èèyàn lè wá béèrè." Bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn. Mo gbà.

A dé ibẹ̀, Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ kanlẹ̀ tòun ti agbádá. Mo kúnlẹ̀. Mo ní ẹ má bínú mà, ọmọdé ló ń ṣe é, ẹ bá wa dárí jì í.

Váìsì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. "Ó dáa. Ìyá ti gbà pé ọmọ parọ́."

Mo ní mi ò sọ bẹ́ẹ̀ o.

"Kí lẹ wá ń bẹ̀ fún?"

Mo wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń wo ilẹ̀.

Ó ní kí Ràhámátù wá lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀, kó kúnlẹ̀ ní àsẹ́ḿbìlì, kó sọ fún gbogbo ilé ìwé pé irọ́ lòún pa, wọn ò ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ rí. Ìgbà yẹn lorúkọ rẹ̀ máa tó wọ WAEC. Ẹnu ọ̀nà lọmọ dúró sí. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀.

Ìṣẹ́gun, 21 Jánúárì

Kò bá mi sọ̀rọ̀.

Ọjọ́bọ̀, 23 Jánúárì

Ó ń kí mi láàárọ̀, ó ń kúnlẹ̀ dáadáa. Ó ń bá mi ká aṣọ. "Bẹ́ẹ̀ ni, mà." "Rárá, mà." Ó parí. Ọmọ tí wọ́n ní ó ń sọ̀rọ̀ jù! Oníbàárà béèrè iye aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀, èmi ló nawọ́ sí.

Lẹ́ẹ̀kan péré, láìwò mí: "Màámi, ẹ ti bá mi jẹ́wọ́." Ó sì ń ká aṣọ lọ.

Mo ṣírò rẹ̀. Gbogbo ohun tí mo ti ná lórí ìwé rẹ̀ látìgbà tó ti wọ sẹ́kọ́ńdírì, ká fi wé gbólóhùn kan ṣoṣo lórí ìkúnlẹ̀. Gbólóhùn kan ò wọ́n, mo wí fún ara mi.

Ó wọ́n.

Àìkú, 26 Jánúárì

Mo lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ránṣẹ́ pé kí n má dójú ti òun lọ́la. Òun náà ń kọ mí lóminú — ó tètè fọwọ́ kanlẹ̀ jù. Priscilla? Olóyin? Olóyin ni. Ó dá mi lójú.

Ọjọ́ Ajé, 27 Jánúárì

Mo tẹ̀lé e lọ sí àsẹ́ḿbìlì; àwọn ọmọ tò lọ súà. Pírínsípà wà níbẹ̀, bàbá àgbà tí kì í sábà sọ̀rọ̀. Váìsì pe Ràhámátù síwájú. Kó tó kúnlẹ̀, èmi náà nawọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìtọ̀ ń gbọ̀n mí."

Ẹ̀rín sọ. Váìsì ní kí n lọ lo tàwọn tíṣà. Mo ní rárá o, tàwọn ọmọbìnrin, èyí tí wọn ò tì rí yẹn, ló wù mí. Ó wo tíṣà kan, ìyẹn wo èkejì. Wọ́n wá kọ́kọ́rọ́ síhìn-ín, wọ́n wá a sọ́hùn-ún. Àpò tíṣà tí kò tíì dé ló wà. Mo fún itan pọ̀. Irọ́ kọ́ o, mo ti mu omi gidi kí n tó kúrò nílé.

Mo wá ní: ẹ̀bẹ̀ tí mo bẹ̀ níjọ́sí, mo ti gbà á padà.

Váìsì ní: "A kì í gba ẹ̀bẹ̀ padà, Ìyá."

Mo ní ẹ̀bẹ̀ tí kò ní ẹ̀ṣẹ̀ nídìí, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

Ẹnikẹ́ni ò rẹ́rìn-ín mọ́. Pírínsípà yí sí ọmọ mi. "Máa lọ sí kíláàsì. Orúkọ rẹ á wọlé." Ó yí sí Váìsì. "Kí wọ́n já àgádágodo yẹn."

Wọ́n ṣì ń wá òòlù nígbà tí mo lọ tọ̀ sẹ́yìn ògiri, níbi táwọn ọmọ náà ń tọ̀ sí.

Ìṣẹ́gun, 28 Jánúárì

Olóyin kọjá lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, ó kí mi, mo gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ràhámátù rí i.

"Màámi, kí ni wọ́n fi ṣe yín?"

Mo ní òun ló tà ọ́ fún Váìsì.

"Kò sẹ́ni tó tà mí. Lọ́jọ́ kejì, èmi fúnra mi ni mo lọ bá wọn ní ọ́fíìsì, mo tún un sọ lójú wọn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn."

Mo gbé aṣọ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi látọjọ́ yìí.

"Ẹ ò bi mí."

Mo bi Priscilla. Mo bi ẹni tó ń ṣọ́ géètì. Mo bi Olóyin. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bi òkúta Olúmọ.

Mo wá ní ṣé ó tún ku nǹkan tí mi ò tíì bi í. Ó ká aṣọ ọwọ́ rẹ̀ tán, ó fa àpótí, ó jókòó.