Màmá, Ta Ló Bímọ Nílé Wa?

Ẹ kú ilé o, Màmá mi. Èmi Àjàní yín tó wà ní Maryland ni, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Mo kí Bùọ̀dá Ràṣídì, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kí àbúrò mi Sídíkátù, mo kí àwọn ìyàwó ilé àtàwọn ọmọ. Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn kí gbogbo ẹbí lè jọ kà á, torí bí mo bá pè yín lórí fóònù, ṣe ni oníkálukú ń ti ọ̀rọ̀ sí ẹlòmíì lọ́rùn.

Ara mi le. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ń lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tán èèyàn lókun. Òtútù ibí kọjá àfẹnusọ. Bí mo bá jáde nílé ní Oxon Hill láàárọ̀, imú mi á ti kú kí n tó dé ìdí mọ́tò. Ẹ rántí pé èmi àti ọ̀rẹ́ mi Gàníyù jọ ní káàtì, ọkọ̀ ìdíje kékeré tí kò lórùlé, tí ìdí awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ nílẹ̀. Ẹ̀yin lẹ pè é ní kẹ̀kẹ́ wèrè. Wèrè náà ló ń bá mi lé ìdánìkanwà lọ.

Ní Sátidé tó kọjá, a gbé e lọ sí pápá ìdánrawò lápá Brandywine. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń wúkọ́ ṣáá. Bí mo bá ti tẹná báyìí, á kú. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a tú kàbúrétọ̀, òtútù mú wa ní ìka, kò gbọ́. Gàníyù ní kí n pe Bàbá. Ẹ mọ̀ bí a ṣe máa ń ṣe é: màá gbé fóònù sí ìdí ẹ́ńjìnnì, Bàbá á tẹ́tí sí i láti ṣọ́ọ̀bù mekáníìkì wọn n'Íbàdàn, wọ́n á bú mi díẹ̀, wọ́n á sì sọ ohun tó ń ṣe é.

Sídíkátù ló gbé fóònù. Ó ní Bàbá ti lọ kírun Alásárì. Ẹ ò rí nǹkan! Bí Bàbá ò bá kírun, wọ́n á máa sùn, gbogbo ìgbà tí mo bá ti pè lẹ́nu àìpẹ́ yìí. Láti ẹ̀yìn rẹ̀ nínú fóònù ni mo ti gbọ́ ohùn Ààfáà, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń ṣe àmín. Mo bi Sídíkátù pé kí ló dé, ó ní ìkómọ ni. Mo ní ta ló bímọ nílé wa? Fóònù já. Mo pè títí, kò gbé e mọ́. Màmá, kì í ṣe ìkómọ nìkan ni Ààfáà ń tìtorí rẹ̀ wá sílé ẹni, wọ́n ń wá ṣe fìdáù òkú pẹ̀lú. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Tìbínútìbínú ni mo padà sínú káàtì. Ó sítáàtì, ó gbé mi dé kọ́nà tó jìnnà jù, ó kú fin-ín. Gbogbo ibẹ̀ pa lọ́lọ́. Nínú akoto tí mo dé ni mo ti gbọ́ tí wọ́n pe Àjàní. Ohùn Bàbá ni, bí wọ́n ṣe ń pè mí bí mo bá ba mọ́tò oníbàárà jẹ́. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé a kì í jẹ́ ìpè ẹni tí a ò rí. Màmá, mo jẹ́ ẹ. Mo dáhùn Sà, mo wẹ̀yìn, igbó àti yìnyín nìkan ló wà níbẹ̀. Gàníyù sáré dé, ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni.

Láti ọjọ́ náà lẹ̀rù ti ń bà mí. Bí aláìsàn bá pè mí níbi iṣẹ́, mi ò lè dáhùn àfi tí mo bá rójú rẹ̀. Gàníyù ní àárẹ̀ ni. Mo mọ̀ pé nílé wa, a kì í sáré tú ọ̀fọ̀ fún ẹni tó wà lókè òkun, kó má baà dá nìkan gbọ́ ọ. Ìfẹ́ ni, mi ò bínú. Ṣùgbọ́n àìmọ̀ yìí ló ń pa mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ fún mi.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, Màmá mi, ẹ ò ní sunkún ọmọ. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó wá ku Bàbá. Láti àárọ̀ ni mo ti jókòó ti ìlà yìí: mi ò mọ̀ bóyá kí n ní kí ẹ̀mí wọn gùn, àbí kí n ní kí Ọlọ́run forí jìn wọ́n. Ẹ bá mi mú ọ̀kan, kí ẹ sì bá mi ṣe àmín sí i.

Ọmọ yín,
Àjàní