Bàbá Mi Wà Láàyè, Èmi Ni Mo Parọ́

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níhìn-ín ní District Heights, ní Amẹ́ríkà, mo fi ojútì kí yín. Mo kí Ìyá mi, mo kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi, mo sì kí gbogbo òṣèré tó ṣì kù lọ́dọ̀ yín. Bísí àbúrò mi ni yóò ka lẹ́tà yìí fún yín, mo ti fi ránṣẹ́ sí i ní kàfé íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ìbínú mi jẹ ẹ́ níyà. Ìwé ìròyìn àwa ọmọ Yorùbá tó wà níbí náà yóò gbé e jáde, nítorí àwọn tí mo parọ́ fún pọ̀.

Òtútù ibí yìí kì í ṣàánú ènìyàn. Òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan létí odò ní National Harbor ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èmi ni mò ń to àga sínú gbọ̀ngàn fún àwọn tó wá ṣèpàdé. Owó rẹ̀ ń san owó ilé, ó sì ń bọ́ mi. Ṣùgbọ́n bí mo bá to àga tán, tí gbogbo ibẹ̀ dá páropáro, àárò yín máa ń sọ mí gan-an. Mo máa ń dúró síwájú àwọn àga yẹn, màá wá máa sọ ọ̀rọ̀ ọba inú eré yín, ọba tó ta ìlẹ̀kùn ààfin rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe di pé mo kó ènìyàn mẹ́jọ jọ. Gbogbo wọn ló níṣẹ́ lọ́wọ́, ibi iṣẹ́ ni wọ́n sì ti ń wá sí ìdánrawò. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Greenbelt yọ̀ǹda gbọ̀ngàn fún wa. Sátidé tó ń bọ̀ yìí la fẹ́ ṣí eré náà.

Bàbá, mo rántí pé kí eré tuntun tó ṣí, ẹ máa ń jókòó ti tábìlì, ẹ ó máa kọ lẹ́tà: sí ọba ìlú, sí ọ̀gá ilé-ìwé tó ni gbọ̀ngàn, sí òṣèré tó ń bínú. Ẹ máa ń sọ pé ìjà tí ẹ ò bá fi lẹ́tà parí, ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ni yóò ti dúró dè yín. Èmi náà kọ tèmi. Mo kọ sí pásítọ̀, mo kọ sí ẹni tó ń rán aṣọ eré, mo kọ sí olóòtú ètò rédíò kan. Ẹ̀yin tí ẹ ni eré gan-an, mi ò kọ sí yín. Ọdún kan ṣoṣo ni mo ní màá lò, kí n padà wá gba ẹgbẹ́ òṣèré lọ́wọ́ yín. Ó ti di ọdún méje. Ojú ń tì mí, mo bá yé pè yín.

Lọ́jọ́ ìdánrawò kan, Sístà Mojí, nọ́ọ̀sì tó ń ṣe olorì nínú eré náà, ní kí n pè yín, kí n gbé ohùn fóònù sókè, kí ẹ súre fún wa. Ó ní òun ò lè gun ìtàgé láìgba ìre lẹ́nu àgbà tó ni eré. Òótọ́ ló sọ. Mo mọ̀ pé bí ẹ bá gbé e, ẹ ó bi mí pé ta ló fún mi láṣẹ. Kí n tó mọ̀, mo ti sọ pé ẹ ò sí mọ́.

Háà! Èmi Kọ́láwọlé, mo pa bàbá mi nítorí eré. Sístà Mojí kúnlẹ̀, ó ní mo kú ará fẹ́ra kù. Lọ́jọ́ kejì wọ́n gbé ìrẹsì wá sílé mi, wọ́n gbàdúrà, wọ́n kọrin. Mo jẹ ìrẹsì náà, Bàbá. Mo tún bu ẹran kún un. Wọ́n fi orúkọ yín sínú orin ìjúbà tí a fi ń ṣí eré, sáàárín àwọn tó ti lọ, wọ́n sì tẹ àwòrán yín sórí ìwé ìpolówó, wọ́n kọ ọ́ pé ìrántí ni. Ní ìdánrawò tó tẹ̀ lé e, nígbà tí wọ́n dìde dúró wẹ́lo fún yín lórí ìtàgé, tí Sístà Mojí ń nu ojú, mo sá jáde sínú yìnyín láìwọ kóòtù.

Mo pè yín lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yin gan-an lẹ gbé e. Ẹ ò bi mí ní ìbéèrè kankan. Ẹ kàn ní ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé mo wà láàyè, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í súre fún mi. Mi ò lè fara dà á. Mo ní káàdì tí mo fi ń pè ti tán. Káàdì ò tán o, Bàbá.

Ọjọ́rú ni ìwé ìròyìn yóò jáde. Bí àwọn òṣèré mi bá kà á, tí wọ́n kẹ̀yìn sí mi, ẹ̀bi mi ni. Mo ti yọ orúkọ yín kúrò láàárín àwọn tó ti lọ. Mi ò tíì fi yín sáàárín àwọn alààyè, torí mi ò ní kọ orúkọ yín mọ́ láìgba àṣẹ. Ẹ sọ fún Bísí bóyá ká ṣe eré náà tàbí ká má ṣe é. Bí ẹ bá ní rárá, èmi fúnra mi ni màá dúró lẹ́nu ọ̀nà ní Greenbelt lọ́jọ́ Sátidé, màá dá àwọn ènìyàn padà, màá sì sọ ohun tó fà á fún wọn.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, kékeré àti àgbà. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ibi wọlé tọ̀ yín. Àdúrà ẹ̀mí gígùn ló yẹ kí n fi parí lẹ́tà sí bàbá mi, ṣùgbọ́n ẹnu tí mo fi pa yín ò gbé e. Ẹ jẹ́ kí Ìyá mi bá mi gbà á, kí ẹ̀yin fúnra yín ṣe àmín.

Èmi ni, ọmọ yín,
Kọ́láwọlé