Mo Ti Fi Gàrí Sílẹ̀, Màámi

Màámi, ìyá tó fi gàrí tọ́ mi dàgbà,

Ẹ kú ní ọdún mọ́kànlélógún sẹ́yìn, nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Egbò kékeré kan ní àtẹ́lẹsẹ̀ yín ló pa yín. Ó kọ̀, kò jinná, títí ẹsẹ̀ náà fi dúdú. Àbẹ̀kẹ́, ìyàwó mi, tẹ̀lé yín ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn. Òun sùn ni, kò jí. Mo sọ ọ́ ṣókí báyìí nítorí pé mi ò ní omijé kankan tí mo fẹ́ dà sínú lẹ́tà. Èyí tí mo ní ti tán.

Fọlákẹ́, àkọ́bí mi tí ẹ gbé pọ̀n, ló ń bá mi kọ ọ́. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kó má ṣe tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Ohun tí mo bá sọ ni kó kọ, ì báà jẹ́ nípa òun fúnra rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Mo ti fi gàrí sílẹ̀. Mo fi iyán sílẹ̀, mo fi àmàlà sílẹ̀, ìrẹsì àti búrẹ́dì náà ti lọ. Ó ti tó oṣù mẹ́jọ. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kí ará àdúgbò mi kan ní Festac tó kú dé ọ̀dọ̀ yín, kó lọ máa sọ pé ebi ń pa ọmọ yín.

Mo mọ ohun tí gàrí jẹ́ fún yín. Mo ṣì ń rí yín níwájú agbada, ẹ ń fi igbá yí i, èéfín bò yín lójú, ẹ ò ní yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èmi ni mo máa ń gbé òkúta lé àpò ẹ̀gẹ́ kí omi rẹ̀ lè ro. Bí mo bá gbé méjì lé e, ẹ ó ní kí n fi ìkẹta kún un, pé omi ṣì wà níbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó te èbà mi tóbi ju ti bàbá mi lọ, ẹ ó jókòó tì mí títí n ó fi jẹ ẹ́ tán, ẹ ó wá fọwọ́ tẹ ikùn mi wò bóyá ó le. Ta ló sọ fún yín pé ikùn ọmọ gbọ́dọ̀ le kí ìyá rẹ̀ tó lè sùn?

Nígbà tí mo ń ṣe bíríkìlà ní Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, òkèlè ò ṣe mí ní nǹkan kan. Mo ń ru búlọ́ọ̀kù gun àkàbà láti àárọ̀. Ohun tí mo bá jẹ lọ́sàn-án, iṣẹ́ á ti gbà á lára mi kó tó di ìrọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, ẹ̀yìn mi kọṣẹ́. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀, ẹnu mi ò fi tirẹ̀ sílẹ̀. Èbà tí mo ń jẹ nígbà tí mo ń ru búlọ́ọ̀kù náà ni mo ń jẹ lórí àga. Ikùn mi wá ń ṣíwájú mi wọlé. Àwọn èèyàn ń kí mi pé ara mi ń dán, pé Àbẹ̀kẹ́ mọ ọkọ tọ́jú. Inú rẹ̀ á dùn, á tún bù sí i.

Lẹ́yìn tó kú, èmi tí mo kọ́ ilé fún àwọn èèyàn, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé ìkòkò kaná. Búrẹ́dì láàárọ̀, gàrí mímu lọ́sàn-án, èbà lálẹ́ pẹ̀lú ọbẹ̀ tí Fọlákẹ́ bá gbé wá láti ilé rẹ̀ ní Raji Rasaki. Mo tún sanra sí i. Àjà kẹta ni mò ń gbé. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo máa ń dúró mí kí n tó dé ẹnu ọ̀nà mi.

Bàtà tuntun wá gé mi ní àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Nǹkan kékeré. Ọ̀sẹ̀ kìíní kọjá, ìkejì, ìkẹta, kò jinná. Màámi, mo ti dúró lórí pákó tó ń mì lókè ilé alájà mẹ́rin, ẹ̀rù ò bà mí. Lọ́jọ́ tí mo rí omi lẹ́nu egbò yẹn, ẹ̀rù bà mí. Ẹsẹ̀ yín ni mo rí.

Mo lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Alákijà. Dókítà tó wà níbẹ̀, ọmọdébìnrin ni, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n. Ó gún mi níka, ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní ìtọ̀ ṣúgà ni.

“Irọ́ ni. Èmi kì í fi ṣúgà mu gàrí.”

“Bàbá, gàrí yẹn gan-an ni ṣúgà. Tó bá ti wọ inú yín, ó ti di ṣúgà nìyẹn. Èbà, iyán, ìrẹsì, búrẹ́dì, ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo wọn.”

“Kí ni kí n wá máa jẹ? Afẹ́fẹ́?”

“Ọbẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Ṣé òkèlè ló ń dùn lẹ́nu yín ni, àbí ọbẹ̀?”

Ó fún mi lóògùn, ó wẹ egbò náà, ó ní kí n máa wá kó máa wò ó.

Nígbà tí mo ń padà bọ̀ wálé, búrẹ́dì ló wà lọ́kàn mi. Ṣé ẹ rántí? Bí mo bá ń ti Èkó bọ̀ lọ́dọ̀ yín, tí mi ò gbé búrẹ́dì, páálí ṣúgà àti mílíìkì alágolo dání, bí ẹni tí kò wálé ni lójú ara mi. Kódà nígbà tí egbò yẹn ti wà. Ẹ ó gbé ẹsẹ̀ tí wọ́n fi aṣọ dì lé orí àpótí, n ó po tíì fún yín, n ó da ṣúgà sí i títí ẹ ó fi rẹ́rìn-ín. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Ṣé èmi ni mo pa yín? Mo bi dókítà, ó ní kò sí ẹni tó lè mọ̀. Mo bi ẹ̀yin náà, ẹ ò sì ní dá mi lóhùn. Mo ti gbé ìyẹn kalẹ̀. Ohun tó kù níkàáwọ́ mi ni ẹsẹ̀ tèmi, mo sì pinnu pé mi ò ní kú ikú ẹsẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe kọ́ iná dídá ní ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo jó o. Mo tún òmíì ṣe. Ẹni tó mọ sìmẹ́ǹtì pò, kí ló dé tí kò ní mọ ọbẹ̀ sè? Omi díẹ̀díẹ̀ ni, kéèyàn má kánjú. Kò pẹ́ tí mo fi ń se ilá alásèpọ̀ pẹ̀lú ẹja àrọ̀, tí mo ń fi ẹyin se ikàn, tí mo ń fi ṣọkọ àti ẹ̀gúsí jẹ ẹran ewúrẹ́. Ṣíbí ni mo fi ń jẹ ẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún mi nìkan ni kò gbà. Ó ń wá òkèlè kiri inú àwo.

Ìyẹn ló mú mi ronú kan gàrí kábéèjì. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo fi ohun tí Àbẹ̀kẹ́ fi ń rin ilá rin kábéèjì, mo dà á sínú àpò, mo so ẹnu rẹ̀, mo gbé búlọ́ọ̀kù lé e nínú ilé ìwẹ̀. Búlọ́ọ̀kù mẹ́ta, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Nígbà tí omi rẹ̀ ro tán, mo yan án nínú ìkòkò fífẹ̀, mo ń yí i bí ẹ ṣe máa ń yí i. Ó gbẹ, ó funfun, ó jọ gàrí débi pé orí mi wú, mo sì gbàgbé ara mi. Mo hó omi, mo da omi gbígbóná lé e, mo dé e, mo jókòó, mò ń retí èbà. Nígbà tí mo ṣí i, omi kábéèjì ni mo bá níbẹ̀. Mo fi ṣíbí mu ún tán. Ta ni n ó fi sùn?

Lọ́jọ́ kejì ni ojú mi là. Mo yan kábéèjì òmíì, mo fi omi gbígbóná sílẹ̀, mo po ẹyin àti ẹ̀gúsí lílọ̀ mọ́ ọn, mo pọ́n ọn sínú ewé, mo sè é bí ọ̀ọ̀lẹ̀. Ó so pọ̀. Mo bù ú, mo tì í bọ inú ọbẹ̀ ilá. Màámi, ó gbé ọbẹ̀!

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í fúyẹ́. Mo fi ìṣó lu ihò tuntun sí bẹ́líìtì mi, mo tún lu òmíì. Mo ń gun àtẹ̀gùn láìdúró. Ṣùgbọ́n ẹ mọ àwọn èèyàn wa. Bí ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú bá rù, àwọn ọmọ rẹ̀ ni wọ́n ń bú. Ìyá Dáre tó ń gbé ìsàlẹ̀ wa dá mi dúró lórí àtẹ̀gùn.

“Bàbá, ẹ ti rù o! Ṣé àwọn ọmọ yín ti rìnrìn àjò ni?”

“Wọ́n wà ńlé.”

“Wọ́n wà ńlé, ọrùn yín wá rí báyìí? Ẹ gba ìgò mọ́ọ̀tì yìí, ẹ fi mílíìkì pò ó, ẹ̀jẹ̀ á dé.”

“Ìyá Dáre, ẹ gbé e fún ọkọ yín. Òun ló ń dúró mí lórí àtẹ̀gùn, èmi kọ́.”

Kò bá mi rẹ́rìn-ín. Fóònù alágbèéká tí gbogbo ayé ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rà yìí, òfófó ni wọ́n ń fi ṣe. Kó tó di ọjọ́ Àìkú, ọ̀rọ̀ ti dé ṣọ́ọ̀ṣì Fọlákẹ́. Fọlákẹ́, má dáwọ́ dúró, kọ ọ́. Ó kó obìnrin méjì wá láti ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé kúlà iyán àti ìrẹsì dání, pẹ̀lú báàgì òfìfo tí wọ́n fẹ́ fi kó aṣọ mi.

“Dádì, ẹ̀ ń dójú tì mí. Wọ́n ń sọ pé èmi ń gun mọ́tò, ebi ń pa bàbá mi. Ẹ dìde, ilé mi lẹ̀ ń lọ.”

“Ta ló ní ebi ń pa mí?”

“Ara yín ló ń sọ ọ́!”

“Jókòó, kí o jẹun.”

“Dádì, oúnjẹ kọ́ ni mo wá jẹ.”

“Ṣé o fẹ́ kọ oúnjẹ baba rẹ níwájú àlejò ni?”

Ọmọ tí ẹ kọ́ ni, kò lè kọ̀ ọ́. Gbogbo wọn jókòó. Mo gbé ilá àti ẹja àrọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú òkèlè mi. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà jẹ tirẹ̀ tán, ó ń lá ìka. “Bàbá, gàrí ìlú ibo rèé?” Mo bọ́ bàtà, mo gbé ẹsẹ̀ mi lé orí àga níwájú Fọlákẹ́, mo ní kó fọwọ́ kan àtàǹpàkò náà. Ó ti jinná, awọ ti pa dé. Òun ló máa ń fọ egbò yín nígbà tó bá wálé, kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un. Ó gbé báàgì òfìfo rẹ̀ padà lọ. Oṣù tó kọjá, dókítà dín oògùn mi kù, ó ní kí n má ṣe fúnra mi dín ìyókù. Mo gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹsẹ̀ mi ni mo tìtorí ẹ̀ pe Fọlákẹ́ jókòó lónìí. Lọ́jọ́ tó wá jẹun yẹn, ó mu jọ́ọ̀gì omi kan tán, ó tún bu òmíì. Mo rò pé ata ni. Láti ìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ. Ó ń mu omi bí ẹni tó ti oko bọ̀, ó ń lọ tọ̀ bí aboyún. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lẹ ṣe rí, Màámi, kí egbò yẹn tó dé. Mo ní kó lọ gún ìka. Ó ní òun kọ̀ ọ́ lórúkọ Jésù. Mo ní kó kọ̀ ọ́, kó sì lọ gún ìka. Ó ní ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yẹn ti tó mẹ́fà.

Ó ti dá gègé dúró. Mo rí i. Kọ ọ́, ọmọ mi.

Mi ò lè fà á lọ ní túláàsì, obìnrin ọlọ́mọ mẹ́ta ni. Èmi ti ṣe tèmi. Mo ti fi bí mo ṣe ń sè é hàn án, mo ti fi ẹsẹ̀ mi hàn án. Àyè ṣì wà nísàlẹ̀ ìwé yìí, Màámi. Òun ni kó sọ fún yín fúnra rẹ̀ bóyá ó ń lọ gún ìka lọ́la, àti ohun tó ń bà á lẹ́rù gan-an tí kò jẹ́ kó tíì lọ. Mi ò ní bi í ohun tó kọ. Mi ò sì mọ̀wé kà, ohun tí ẹ bá jọ sọ kò ní dé etí mi.

Mo fẹ́ràn yín síbẹ̀, Màámi. Èmi ni, ọmọkùnrin yín.

Fọlákẹ́, ó kù sí ẹ lọ́wọ́.